Yìnyín Orí Òkè Ìdí-Ọdán

Bàbá mi tí ojú mi ń wá,

Ẹ pẹ̀lẹ́ níbi tí ẹ wà. Mo jókòó sídìí tábìlì tó wà nínú ilé ìdáná wa ní Tremont, nílẹ̀ òyìnbó níbí. Màmá ti lọ síbi iṣẹ́, lọ́dọ̀ arúgbó tí wọ́n ń tọ́jú. Mo ti gbé àwòrán yẹn sọ̀kalẹ̀ lára ògiri pálọ̀, mo gbé e sórí àga tí ẹ máa ń jókòó sí, àwa méjèèjì wá ń wo ara wa. N kò mọ ẹlòmíràn tí mo lè bi ní ìbéèrè yìí. Mo mọ̀ pé ẹ ò ní dáhùn. Síbẹ̀ màá béèrè, torí bí mi ò bá béèrè, orí mi á dàrú.

Bàbá mi, níbo ni Ìdí-Ọdán wà?

Ẹ rántí ohun tí ẹ bá mi sọ ní ọsibítù. Rọ́bà atẹ́gùn wà nímú yín, ọ̀rọ̀ ò tètè jáde. Ẹ ní kí n má jẹ́ kí gbogbo ara yín sùn sí ilẹ̀ yìí. Ẹ ní kí wọ́n tó sin yín, kí wọ́n gé irun orí yín àti èékánná yín, bí wọ́n ti ń ṣe fún ẹni tó bá kú sí ìdálẹ̀, kí n sì mú un lọ sílé, kí n rì í mọ́lẹ̀ lábẹ́ igi tó wà létí odò, níwájú ilé wa ní Ìdí-Ọdán. Ẹ bi mí bóyá mo mọ ibẹ̀. Mo ní mo mọ̀ ọ́n. Báwo ni mi ò ṣe ní mọ̀ ọ́n? Láti kékeré ni ẹ ti ń fi ìka tọ́ka sí i fún mi. Ẹ mí kanlẹ̀, ẹ sì rẹ́rìn-ín músẹ́. Ẹ̀rín yẹn ni kò jẹ́ kí n sinmi.

Màmá kọ́kọ́ fárígá. Wọ́n ní a kì í ṣe abọ̀rìṣà, wọ́n ní kí ni pásítọ̀ máa wí. Àmọ́ nígbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n pa pósí dé, àwọn fúnra wọn ni wọ́n yọ àlùmọ́gàjí kékeré kan jáde látinú báàgì wọn. Wọ́n ń gé e, wọ́n ń sunkún, wọ́n ń bẹ Ọlọ́run pé kó má bínú. Wọ́n fi áńkáṣíìfù funfun wé e, wọ́n sì kó o sínú àpò jígí ojú yín, èyí líle tó máa ń dún pà bí ẹ bá pa á dé. Ibojì yín wà ní Staten Island, ibi tí afẹ́fẹ́ òkun ti ń fẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ní kí n mú yín lọ sílé, inú àpò jígí lẹ wà.

Màmá ò lè lọ. Ìwé ìgbélùú wọn ò tíì jáde, bí tiyín náà ò ṣe jáde títí ẹ fi lọ. Èmi tí wọ́n bí síbí ni mo ní ìwé ìrìnnà. Wọ́n ti ra tíkẹ́ẹ̀tì fún mi, ìsinmi Kérésìmesì ni mò ń lọ. Gbogbo nǹkan ti wà nílẹ̀, àfi ibi tí mò ń lọ.

Ẹ jẹ́ kí n rò ó látìbẹ̀rẹ̀, kó lè dá mi lójú pé kì í ṣe àlá ni mo lá.

Mo ṣì kéré nígbà tí ẹ gbé àwòrán náà wọlé. Ẹ rí i lẹ́bàá títì ní Grand Concourse, níbi tí àwọn kan tó ń kó kúrò nílé da ẹrù tí wọn ò fẹ́ mọ́ sí. Ẹ gbé e wọ tíréènì D, ẹ gbé e sáàárín orúnkún yín, ẹ fi apá méjèèjì gbá a mọ́ra. Màmá dúró sẹ́nu ọ̀nà, wọn ò fẹ́ kí ẹ wọlé.

“Dádì ilé yìí, kí lẹ tún gbé dé? Ṣé ẹ fẹ́ kó ìdun bá wa ni?”

“Ìdun kì í gbé inú gíláàsì.”

“Ẹ̀mí àìrí ńkọ́? Ẹ ò mọ irú ojú tó ti ń wò ó látọjọ́ yìí.”

“Ojú tèmi ló kàn báyìí. Ìyàwó mi, yàgò fún mi, ilé ni mo gbé bọ̀.”

Màmá yàgò. Wọ́n ta òróró sí férémù rẹ̀, wọ́n gbàdúrà lé e lórí, wọ́n sì tún fọ́n oògùn ìdun sẹ́yìn rẹ̀, torí pé wọn kì í fi ọ̀ràn sọ́dọ̀ Ọlọ́run nìkan. Àmì òróró náà ṣì wà ní igun férémù. Mò ń wò ó báyìí.

Láti ọjọ́ náà, bí ẹ bá ti ibi iṣẹ́ dé, kí ẹ tó bọ́ aṣọ ẹ̀ṣọ́ yín pàápàá, ẹ máa ń gbé mi sókè kí ojú mi lè bá a dọ́gba. Ìka yín á bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lára gíláàsì. Òkè nìyí, òun ló ń dáàbò bo ìlú. Ọ̀nà oko nìyí, bàbá bàbá yín ló là á. Odò nìyí, obìnrin kan ń pọn omi níbẹ̀. Igi ọdán nìyí, ìdí rẹ̀ ni wọ́n ti ń gba àlejò. Ilé wa nìyí, èyí tí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ṣókùnkùn yẹn. Ìka yín á dúró síbẹ̀. Ẹ ó máa wò ó títí apá á fi bẹ̀rẹ̀ sí í ro yín, tí ẹ ó sì gbé mi sílẹ̀.

Mo bi yín nípa ohun funfun tó wà lórí òkè. Ẹ ní ọyẹ́ ni, pé bí ọyẹ́ bá dé, kùrukùru máa ń bo orí òkè yẹn bí ẹni da ògì lé e. Mo bi yín nípa àwọn ọkùnrin tó wé láwàní. Ẹ ní àwọn Ààfáà ni, pé Mùsùlùmí pọ̀ ládùúgbò wa. Mo bi yín nípa kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Ẹ ní òun ni wọ́n ń gùn kí mọ́tò tó dé. Àwọn igi tẹ́ẹ́rẹ́ gíga tó tò lẹ́bàá odò ńkọ́? Ẹ ronú díẹ̀. Ẹ ní ọ̀pẹ ni, pé ẹni tó yà á ni kò mọ ọ̀pẹ yà.

Mo gbà. Èmi ta ni tí n kò fi ní gbà? Nígbà tí wọ́n ní kí a ya ìlú àwọn òbí wa nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, òkè tí orí rẹ̀ funfun ni mo yà, àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, àti ọkùnrin tó wé láwàní. Mo kọ Nàìjíríà sísàlẹ̀ rẹ̀. Tíṣà lẹ ìràwọ̀ mọ́ ọn fún mi.

Mo ti wọ yunifásítì, Bàbá mi. Ẹ ò dúró wo ìyẹn. Ẹ bá mi yọ̀ díẹ̀ kí n tó sọ èyí tó kù. Ẹ̀yìn ni mo máa ń jókòó sí. Ó dà bíi pé gbogbo àwọn tó kù ti gbọ́ gbogbo nǹkan rí, pé èmi nìkan ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọ́ ọ. Bí mo bá ní ọ̀rọ̀ kan láti sọ, màá kọ́kọ́ sọ ọ́ nínú ara mi lásọtúnsọ, kí n má baà ṣìsọ. Tí mo bá fi máa nawọ́, wọ́n á ti kọjá ibẹ̀. Ọwọ́ mi pàápàá máa ń gbọ̀n bí mo bá nà án sókè. Mo máa ń ṣe bí ẹni pé irun mi ni mò ń tún ṣe.

Ọjọ́ kan ṣoṣo ni mo nawọ́ láìkọ́kọ́ rò ó. Ẹ̀kọ́ nípa ìtàn àwòrán ni. Olùkọ́ wa, obìnrin àgbàlagbà kan tí ohùn wọn tutù, ń fi àwòrán hàn wá lára ògiri lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n tẹ bọ́tìnnì, òkè wa sì yọ. Odò wa, igi ọdán wa, ẹnu ọ̀nà wa, gbogbo rẹ̀ kún ògiri láti òkè délẹ̀. Inú mi dùn débi pé mo dìde dúró.

“Ìlú bàbá mi nìyẹn!”

Gbogbo wọn yíjú sẹ́yìn. Olùkọ́ wa rẹ́rìn-ín sí mi, ẹ̀rín rere ni.

“O ṣeun. Ṣé Ìráànì ni bàbá rẹ ti wá?”

“Rárá o, mà. Nàìjíríà ni.”

Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín. Ẹlòmíràn wú ikọ́ láti fi bo ẹ̀rín tirẹ̀ mọ́lẹ̀. Olùkọ́ wa ò rẹ́rìn-ín mọ́. Wọ́n rọra ṣàlàyé, bí ẹni tó ń yọ ẹ̀gún lẹ́sẹ̀ ọmọdé. Wọ́n ní ìgbèríko ilẹ̀ Páṣíà ni wọ́n pe àwòrán náà, ìyẹn ibi tí à ń pè ní Ìráànì lónìí. Wọ́n ní ọmọ Yúróòpù kan ló yà á láyé àtijọ́, pé ọkùnrin náà kò fẹsẹ̀ tẹ Páṣíà rí. Inú yàrá rẹ̀ ló jókòó sí, tó ń wo àwòrán kéékèèké tí àwọn arìnrìn-àjò mú bọ̀. Ó mú òkè níbí, ó mú igi lọ́hùn-ún, ó sì fi èyí tó kù kún un láti inú ara rẹ̀. Wọ́n ní irú wọn pọ̀ nígbà náà, àwọn tó ń ya ilẹ̀ àwọn ará ìlà-oòrùn bí ọkàn wọn ti fẹ́ kó rí: ilẹ̀ tó dákẹ́, tí ẹnikẹ́ni ò ṣe làálàá níbẹ̀, tó kàn jókòó tó ń retí kí wọ́n wá wo òun. Wọ́n ní abúlé tó wà nínú àwòrán yẹn kò sí níbì kankan láyé.

Bàbá mi, gbogbo kíláàsì ń kọ ọ́ sílẹ̀. Èmi ń wo igi tí ẹ ní kí n rì yín mọ́lẹ̀ sí ìdí rẹ̀.

Nígbà tí a jáde, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Ṣírìn sáré bá mi lórí àtẹ̀gùn. Ìráànì ni àwọn òbí rẹ̀ ti wá, Queens ni wọ́n ń gbé. A ò tíì bá ara wa sọ̀rọ̀ rí.

“Ìwọ! Ẹ̀yin lẹ jí abúlé wa gbé?”

“Jọ̀ọ́, má bínú.” Ẹ̀rù bà mí débi pé ọ̀rọ̀ lú ara wọn lẹ́nu mi.

“Má bínú kẹ̀? Ẹ máa gbé e lọ jàre. Ìyá mi àgbà ní kò síbi tó jọ ọ́ lọ́dọ̀ wa. Wọ́n ní obìnrin wo ló ń pọn omi tí etí aṣọ rẹ̀ ò rin?”

Ó ń rẹ́rìn-ín, èmi náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹkún ló jáde. Mo sọ ọ̀rọ̀ irun àti èékánná yín fún un níbẹ̀, lórí àtẹ̀gùn, ohun tí mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni lóde ilé wa. Mo rò pé á sá. Kò sá. Ó ní kí a lọ wo ojúlówó àwòrán náà, torí pé ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan nínú ìlú yìí ni wọ́n gbé e kọ́ sí. Ó ní bóyá nǹkan kan wà lára rẹ̀ tí ẹ̀dà tiwa kò ní.

A lọ. Bàbá mi, ó ga jù mí lọ. Mo rìn sún mọ́ ọn bí ẹni tó ń wọlé. Ẹnu ọ̀nà wa ni mò ń wá. Nínú tiwa nílé, ẹnu ọ̀nà yẹn kéré, ó sì ṣókùnkùn, mo sì ti máa ń rò láti kékeré pé bí mo bá lè sún mọ́ ọn tó, ojú mi á mọ́ òkùnkùn náà lára, màá sì rí inú ilé: ẹní tí wọ́n tẹ́, ìkòkò omi, ẹnì kan tó ń dìde bọ̀ wá pàdé wa. Mo sún mọ́ ọn títí mo fi ń gbọ́ òórùn igi férémù. Kò sí inú ilé kankan. Ọ̀dà dúdú ni. Ọwọ́ ọkùnrin náà kàn gba ibẹ̀ kọjá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ni, ọ̀dà náà tilẹ̀ ti ń tán lórí búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ kó tó dé ìsàlẹ̀. Kò ronú nípa ẹnikẹ́ni tó ń gbé ibẹ̀. Ó ti lọ sórí igi tó kàn.

N kò mọ ìgbà tí ìka mi dìde, tó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn bí tiyín. Òkè nìyí. Ọ̀nà oko nìyí.

“Máàmù! Ẹ sún sẹ́yìn!”

Ẹ̀ṣọ́ kan ni. Aṣọ rẹ̀ jọ tiyín. Bó ṣe kó ọwọ́ sẹ́yìn jọ tiyín. Ó rí ojú mi, ohùn rẹ̀ sì rọ̀.

“Wọn kì í fọwọ́ kàn án, ọmọ mi.”

“Mi ò fẹ́ fọwọ́ kàn án, sà. Mo kàn ń júwe ni.”

“Ò ń júwe fún ta?”

Mo sọ ọwọ́ kalẹ̀. Ṣírìn fà mí lọ́wọ́, a sì jáde.

Nígbà tí mo délé, Màmá ń nu gíláàsì àwòrán náà, bí wọ́n ti ń ṣe ní gbogbo ọjọ́ Sátidé. Mi ò bọ́ kóòtù mi kí n tó sọ̀rọ̀.

“Màmá, ibẹ̀ yẹn kọ́ ni Ìdí-Ọdán o.”

“Mo mọ̀.”

“Ẹ mọ̀ kẹ̀?”

“Ta ni ò ní mọ yìnyín tó bá rí i? Ṣebí inú ẹ̀ là ń rìn lọ síbi iṣẹ́.”

“Kí ló dé tí ẹ ò sọ?”

Wọ́n ń nù ún lọ, wọn ò wojú mi. “Ọkùnrin tí ò lè lọ sílé, tó wá rí ilé kan gbé kọ́ ara ògiri. Kí n wá gbà á lọ́wọ́ ẹ̀? Irú ìyàwó wo nìyẹn?”

“Ṣé Dádì mọ̀?”

“Lọ gbé ìrẹsì kaná.”

Ìgbà náà ni mo rí ohun tí n kò rí láti ọjọ́ yìí wá. Aṣọ ọwọ́ Màmá ń yí gbogbo gíláàsì náà ká, àmọ́ ó ń yẹ ibì kan sílẹ̀. Níwájú ẹnu ọ̀nà tó ṣókùnkùn yẹn, àmì ìka yín wà lára gíláàsì. Ó ti ṣú roboto, bí ojú ọ̀run kékeré kan tí òjò fẹ́ rọ̀. Láti ìgbà tí ẹ ti lọ, wọn ò tíì nù ún.

N kò gbé ìrẹsì kaná. Mo wọ yàrá, mo pe ẹ̀gbọ́n yín ní Ìbàdàn, Ìyá Mọníọlá, lórí fóònù alájúwòran. Àwọn ni wọ́n máa wá pàdé mi ní pápákọ̀ òfurufú, àwọn náà ni wọ́n máa mú mi dé agbègbè Ìdí-Ọdán ní Òkè-Ògùn. Mo gbé fóònù síwájú àwòrán náà.

“Ìyá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wò ó dáadáa. Ṣé kò jọ Ìdí-Ọdán rárá ni?”

“Gbé e sún mọ́ ọn. Gbé e sókè, orí ẹ ni mò ń rí. Ẹ̀hẹ́n. Họ́wù! Ta ló ń gun kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ní Ìdí-Ọdán?” Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé wọn.

“Odò ńkọ́, Ìyá mi?”

“Odò wo? A ò lódò. Kànga la ní, tí ẹ̀ẹ̀rùn bá sì mú, ẹrẹ̀ là ń fà jáde.”

“Igi ọdán ńkọ́?”

“Ìjì ti wó o kí wọ́n tó bí mi. Orúkọ ló kù.”

“Ilé wa ńkọ́?”

Wọ́n fi etí ìró nu ojú wọn. Lẹ́yìn náà wọ́n sọ fún mi pé nígbà tí ìjọba la títì ọ̀dà, gbogbo ìlú kó lọ sẹ́bàá títì. Ilé ìgbà náà wó, òjò sì wẹ̀ ẹ́ lọ. Oko ẹ̀gẹ́ ló wà níbẹ̀ báyìí. Wọ́n ní àwọn gan-an ò lè fọwọ́ sọ̀yà pé ibí ni, ibí kọ́.

“Ṣùgbọ́n Bàbá mi rántí gbogbo ẹ̀, Ìyá mi. Wọ́n rántí ọ̀nà oko.”

“Bàbá ẹ? Bàbá ẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú? Ẹ̀yìn mi ló wà lọ́jọ́ tá a kúrò níbẹ̀. Ó ń sùn. Itọ́ ẹnu ẹ̀ ló ń rin mí lọ́rùn títí a fi dé Ìbàdàn. Kò padà síbẹ̀ mọ́.”

Bàbá mi, mo jókòó sílẹ̀. Mo bi wọ́n pé ta ló wá sọ ọ́ fún yín. Wọ́n ní nínú yàrá tí ẹ háyà ní Ìbàdàn, òjò máa ń jò sára ògiri, ó sì ti ya àbàwọ́n ńlá síbẹ̀. Bí ẹ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ké pé ẹ fẹ́ lọ sílé, ìyá yín á gbé yín sókè síwájú àbàwọ́n náà, wọ́n á máa fi ìka júwe. Òkè nìyí, ọ̀nà oko nìyí, ilé wa nìyí. Ẹ ó sì dákẹ́.

“Tójò bá wá ń rọ̀,” ni Ìyá Mọníọlá wí, “omi á gba àárín ẹ̀ ṣàn kọjá. Bàbá ẹ á pàtẹ́wọ́.”

Odò nìyẹn, Bàbá mi. Odò tí ẹ ní kí n sin yín sí etí rẹ̀, òjò tó ń jò sára ògiri yàrá àyágbé ni.

Láti ọjọ́ yẹn, n kò rí nǹkan kan dì mú. Olùkọ́ wa ní kí n kọ nǹkan nípa àwòrán náà fún kíláàsì. Mo jókòó sí ilé ìkàwé, mo kọ ọ́ pé ẹni tó bá ya ilẹ̀ tí kò rí rí, irọ́ ló pa mọ́ àwọn tó ni ín. Mo ka ohun tí mo kọ. Mo pa á rẹ́. Báwo ni mo ṣe máa fọwọ́ ara mi kọ ìyẹn, nígbà tí ìka yín ṣì wà lára gíláàsì? Mo gbìyànjú láti sọ pé tiyín yàtọ̀, pé ọkùnrin yẹn ya ilé onílé, pé tiyín lẹ̀yin ń wá. Ó yàtọ̀, mo mọ̀ pé ó yàtọ̀. Ṣùgbọ́n kí ni ìyàtọ̀ yẹn máa ṣe fún èmi tí mo ní àpò jígí lọ́wọ́, tí mi ò ní ibi tí màá gbé e lọ?

Mo ti bínú sí yín. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́. Nígbà tí ẹ bi mí pé ṣé mo mọ ibẹ̀, ṣé ẹ̀yin náà mọ̀ pé kò síbẹ̀? Ṣé ẹ ti gbà á gbọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi dà bí ìtàn mọ́? Àbí èmi lẹ rò pé yóò wá a rí, torí pé mo kàwé? Bàbá mi, ìwé tí mo kà gan-an ló gbà á lọ́wọ́ mi. Kí n tó wọ kíláàsì yẹn, mo ní ìlú kan. Mo mọ ọ̀nà oko rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé níbo ni mo ti wá gan-an, gan-an, bí wọ́n ti ń béèrè níbí, nǹkan kan wà tí ojú mi ń rí bí mo ti ń dáhùn. Kí ni kí ojú mi máa rí báyìí? Ẹ̀gẹ́?

Mo sọ fún Màmá pé mi ò lọ mọ́. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí a gbẹ́lẹ̀ díẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ yín ní Staten Island, kí a kó o síbẹ̀, kó parí. Màmá ò bá mi jà. Wọ́n kàn lọ mú àpò jígí náà wá, wọ́n gbé e lé mi lọ́wọ́, wọ́n ní kí n sọ fún yín fúnra mi. Mo ṣí i, mo pa á dé. Pà. Bó ṣe máa ń dún nìyẹn bí ẹ bá ti ibi iṣẹ́ dé, tí ẹ fẹ́ gbé mi sókè. N kò lè sọ ọ́.

Ìyá Mọníọlá pè mí padà lánàá. Mo rò pé Màmá ló fẹjọ́ mi sùn.

“Mo gbọ́ pó ò wá mọ́.”

“Ìyá mi, mi ò mọ ibẹ̀.”

“Ta ló mọ̀ ọ́n nínú wa? Gbọ́, má dá mi lóhùn. Gbé e bọ̀. Tá a bá dé inú oko yẹn, ìwọ lo máa nawọ́. Ibi tí ìka ẹ bá dúró sí, ibẹ̀ la ó gbẹ́.”

“Tó bá wá jẹ́ pé ibẹ̀ kọ́ ńkọ́?”

“Ìyá wa nawọ́ sára ògiri. Bàbá ẹ nawọ́ sára gíláàsì. Ìwọ lo máa kọ́kọ́ nawọ́ sórí ilẹ̀. O tún fẹ́ kí n bẹ̀ ẹ́?”

Wọ́n pa fóònù. Ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe.

Bàbá mi, mò ń lọ. Mi ò ní ìgboyà, mo kàn ń lọ ni. Ẹ̀rù ń bà mí ju bó ṣe bà mí lọ́jọ́ tí wọ́n pa pósí yín dé. Mo rí ara mi nínú oko ẹ̀gẹ́ náà, oòrùn lórí mi, bàtà mi tí kò bá ilẹ̀ ibẹ̀ mu, Ìyá Mọníọlá níwájú, ẹni tó mú ọkọ́ dání lẹ́yìn wọn, gbogbo wọn ń wo ọwọ́ mi. Èmi tí n kò lè nawọ́ ní kíláàsì. Bí mo bá ṣìnà, ẹ̀yin ni mo ṣì sin. Ta ló sì máa sọ fún mi pé mo ṣìnà?

Torí náà mo bẹ̀ yín, lọ́jọ́ yẹn, ẹ wá. Mi ò mọ bí àwọn tó ti lọ ṣe ń wá, Màmá ní wọn kì í wá. Ẹ wá. Ẹ gbé mi sókè bí ẹ ti máa ń ṣe, kí ojú mi lè bá a dọ́gba. Ẹ bá mi di ìka yìí mú. Ẹ jẹ́ kó rìn, òkè nìyí, ọ̀nà oko nìyí, bó bá sì dé ibi tí ẹ fẹ́ sùn sí, ẹ dá a dúró. Bó bá gbọ̀n, ẹ má jẹ́ kí wọ́n rí i.

Mo ti ń gbọ́ kọ́kọ́rọ́ Màmá lẹ́nu ọ̀nà. Mo fẹ́ gbé àwòrán náà padà sára ògiri kí wọ́n tó bọ́ bàtà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ìka mi lé àmì ìka yín wò. Tiyín fẹ̀ jù tèmi lọ, ó yọ lápá ọ̀tún àti lápá òsì.

Èmi ni,
ọmọ yín tí ẹ máa ń gbé sókè,
bí apá tilẹ̀ ń ro yín.